Ọkọ̀ mi ń fà sí òsì bí mo bá ti tẹ bíréèkì, páàdì tuntun kò sì wò ó sàn

Ajíwakọ̀ | Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo bá ń wa ọkọ̀ mi lójú títì tó tẹ́jú, tààrà ló ń lọ. Mo tilẹ̀ lè dẹ ọwọ́ lórí sítíárìn díẹ̀, kò ní yà. Àmọ́ kí n kàn ní kí n tẹ bíréèkì, òsì ló ń kọrí sí. Bí mo bá rọra tẹ̀ ẹ́, á fi díẹ̀ yà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, ńṣe ni sítíárìn ń fẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́. Lánàá, ajá kan sáré já sójú títì, mo tẹ bíréèkì tipátipá, ọkọ̀ sì gbé mi kúrò lójú ọ̀nà mi pátápátá. Orí ló yọ mí.

Ohun tí a ti ṣe rèé. Mo ti ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo ojú táyà kí wọ́n lè tọ́, lẹ́ẹ̀mejì. Afẹ́fẹ́ táyà iwájú méjèèjì dọ́gba, 32 psi. Mẹkáníìkì pààrọ̀ páàdì òsì torí pé ó ti tán, ó ní ti ọ̀tún ṣì nípọn, kí n má wulẹ̀ náwó sí i. Ó ṣì ń fà. Ní báyìí ó ní kálípà òsì (irin tó ń fi páàdì fún dísìkì, àwo irin tó ń bá táyà yí) ló ń dì í mú jù, kí n lọ ra òmíràn. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí, dísìkì wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn. Ọdún 14 ni ọkọ̀ náà. Ó ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì tipátipá, iná rẹ̀ kò sì tàn.


Sípánà13 | Ajé, 7:15 àárọ̀

Aláímẹ́ǹtì ni. Ẹni tó ṣe é fún ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ síbòmíràn.


BàbáGàréèjì | Ajé, 8:40 àárọ̀

Sípánà, rọra. Bí aláímẹ́ǹtì bá ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró dìgbà tó bá tẹ bíréèkì kó tó máa yà. Ó ní tààrà ló ń lọ nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí bíréèkì. Ìyẹn nìkan ti yọ ìdajì ẹjọ́ náà kúrò nílẹ̀. Mi ò sọ pé kò lè jẹ́ ara ohun tó ń gbé táyà ró o, a ṣì máa débẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ Ajíwakọ̀, má tíì ra kálípà kankan. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń ṣi ẹjọ́ yìí dá. Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì, ẹ̀gbẹ́ tó bá dúró jù ni ọkọ̀ ń yí lọ bá. Fi ọkọ̀ ojú omi wé e: bí ẹni tó wà ní òsì bá ti àjẹ̀ bọ omi tó dì í mú, tí ti ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan, òsì ni imú ọkọ̀ máa kọ sí. Ta ló wá jẹ̀bi níbẹ̀? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àbí ẹni tó kawọ́ gbera?

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń fà sí òsì, ọ̀tún ni mo ti ń kọ́kọ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí òsì máa di dísìkì mú jù lóòótọ́, mo ti rí i rí. Àmọ́ nínú irú rẹ̀ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, èyí tí ẹ̀gbẹ́ kejì ti ń sùn ló pọ̀ jù.

Wo ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ: páàdì òsì ti tán, ti ọ̀tún ṣì nípọn. Ẹ̀rí rèé lọ́wọ́ mẹkáníìkì yẹn, ó kàn jù ú nù ni. Páàdì méjèèjì tó wà níwájú ló yẹ kó jọ máa jẹ. Bí ọ̀kan bá ń jẹ tí èkejì kò jẹ, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ni, èkejì kò ṣe é. Kò sì sí ibi tí a ti ń pààrọ̀ páàdì ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀tún àti òsì la jọ ń pààrọ̀, irú kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Tuntun níbí, ògbólógbòó lọ́hùn-ún, ìyẹn fúnra rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ máa fà.

Dá mi lóhùn:
Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì tí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, ṣé bó ṣe ń fà náà ló ń fà títí ọkọ̀ á fi dúró, àbí ó ń dín kù?
Nígbà tí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ṣé ọkọ̀ ń ṣe ohunkóhun?
Ṣé o ń gbọ́ ariwo kankan níwájú?
Ìgbà wo ni wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn?

Ọ̀tún àti òsì tí mo ń pè, ti ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú ni o. Mo ti rí ẹni tó dúró síwájú ọkọ̀, tó tú ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kó tú.


ÌyáOnímọ́tò | Ajé, 10:03 àárọ̀

Ẹ ṣeun Bàbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an lẹ ń sọ yẹn. Ọ̀tún ni tèmi ń fà sí. Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà pààrọ̀ kálípà ọ̀tún, kò lọ. Ó pààrọ̀ dísìkì ọ̀tún, kò lọ. Ó ní táyà ni, mo ra táyà méjì. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀tún rárá. Ó jókòó ti òsì, ó yọ páàdì, ó fi hàn mí pé ọ́ìlì tó ń jò láti inú rọ́bà ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, ti fọ́n sí ojú páàdì. Gírísì ló ń fi jó lórí dísìkì. Gbogbo owó tí mo ti ná, orí ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni mo ná an sí.


TáyàKìíṢeRọ́bà | Ajé, 10:30 àárọ̀

Kí ẹ tó tú nǹkankan, kí ó kọ́kọ́ gbé táyà iwájú ọ̀tún sí òsì, kí ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sí ọ̀tún, táyà ni. Bí kò bá yí padà, kí ẹ fi táyà sílẹ̀. Àmọ́ bí táyà náà bá jẹ́ irú tí wọ́n ya ọfà sí lára pé apá ibi kan ni kó máa yí sí, ẹ má ṣe é lọ títí, ẹ dá a padà lẹ́yìn àyẹ̀wò.


Ajíwakọ̀ | Ajé, 8:20 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pààrọ̀ ipò táyà, òsì náà ló ṣì ń fà sí.

Bàbá, ìbéèrè yín kìíní ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò tíì fara balẹ̀ wo ọkọ̀ mi rí. Mo lọ sí pápá kan tí kò séèyàn, mo sáré dé 50, mo tẹ bíréèkì, mo sì fi ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó fà gan-an lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ kó tó dúró tán, ó ti ń tọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, bákan náà ni.

Ìkejì ló yà mí lẹ́nu. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí, ó máa ń fì sí ọ̀tún díẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì tọ́. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ariwo: mi ò dájú. Bóyá ohun kan ń dún "kọ́" nígbà míràn. Ọ́ìlì bíréèkì: wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dọ́wọ́ mi, ọdún márùn-ún rèé.


BàbáGàréèjì | Ajé, 9:05 alẹ́

Hẹn-ẹn. Ó fà sí òsì nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, ó fì sí ọ̀tún nígbà tí o tú u sílẹ̀. Mo ti ní ẹnì kan lọ́kàn, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀ kí o má bàa lọ pààrọ̀ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Jẹ́ kí ọkọ̀ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Wá ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná tó dà bí ìbọn, irú èyí tí a ń na sí nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá lò ó.

Àkọ́kọ́, wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ibi tí o kò ti ní máa tẹ bíréèkì ṣáá. Fi ẹ́ńjìnì dín eré rẹ̀ kù nígbà tí o bá fẹ́ dúró. Sọ̀kalẹ̀, wọn dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí dúrọ́ọ̀mù níbi tó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ó ń di táyà mú nígbà tí a kò ní kó dì í mú.

Ìkejì, tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ láti 60 wá sí 20, kí o tún wọ̀n wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó tutù ni ọ̀daràn. Bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, láti sọ ìsáré di ooru.

Ojú kan náà lára dísìkì kọ̀ọ̀kan ni kí o na ẹ̀rọ náà sí, torí dísìkì tó ń dán máa ń tan irinṣẹ́ yẹn jẹ. Má wo nọ́ńbà bí ẹni pé ó péye tán, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀tún àti òsì ni kí o máa wò. Kí o má sì fọwọ́ kàn án o. Mo ní àpá kan ní ìka ìfábẹ̀lá mi tó ti lé lógún ọdún.


Ajíwakọ̀ | Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é. Láìtẹ bíréèkì: iwájú òsì 46°C, iwájú ọ̀tún 51. Ẹ̀yìn méjèèjì, nǹkan bí 40.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹjọ: iwájú òsì 171, iwájú ọ̀tún 83. Ẹ̀yìn òsì 62, ẹ̀yìn ọ̀tún 60.


Sípánà13 | Ìṣẹ́gun, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa, mo gbà. Kì í ṣe aláímẹ́ǹtì. Kálípà ọ̀tún ló ti gan nígbà náà. Písítìnì ti dípẹtà, kò jáde dáadáa. Rà á kó o sinmi.


BàbáGàréèjì | Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́

Sípánà, o ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tí kò jẹ̀bi, o ti bọ́ sí ti ẹni tó jẹ̀bi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó tó nǹkan márùn-ún tó lè mú un sùn, ọ̀kan ṣoṣo sì ni písítìnì.

Ajíwakọ̀, o ti mọ̀ pé iwájú ọ̀tún ni. Tú táyà yẹn. Ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ni kí o ti ṣe é, fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí o sì gbé ọkọ̀ lé orí irin ìdúró. Jáàkì nìkan kò tó, jáàkì wà fún gbígbé sókè, kì í ṣe fún dídúró. Tí o bá ti tú u, máa wo àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Kálípà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, ẹ̀gbẹ́ inú nìkan ni písítìnì rẹ̀ wà. Ó ti páàdì inú mọ́ dísìkì, kálípà fúnra rẹ̀ á wá yọ̀ sẹ́yìn lórí píìnì méjì kí ó lè fa páàdì ìta mọ́ra. Bí píìnì bá gan, páàdì kan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ méjì. Wàá rí i pé ọ̀kan nínú páàdì náà jẹ ju èkejì lọ. Bí páàdì bá jẹ ní ẹ̀bú, tí orí kan fẹ́lẹ́ tí orí kejì nípọn, píìnì kan ló gan tí èkejì ń yọ̀. Fọwọ́ ti kálípà síwá sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ láìjanpata.

Písítìnì ńkọ́? Ṣí ìdérí ilé ọ́ìlì bíréèkì lókè, fi páàdì àtijọ́ lé orí písítìnì, fi irin onískúrù rọra tì í wọlé. Ó yẹ kó wọlé láìjà. Wo rọ́bà tó yí i ká, bí ó bá ti ya, omi ti ń wọlé.

Wo ojú páàdì: ṣé ó tutù fún òróró? Ṣé ó ń dán bí dígí? Wo dísìkì náà: ṣé ìpẹtà ti jẹ ojú rẹ̀?

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fi páàdì padà, so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde, èyí tí a ń pè ní nípù. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì nígbà tí o bá tú u, kí o wo bí ọ́ìlì ṣe ń jáde. Ṣe ti òsì náà, kí o fi wé e. Ọ́ìlì bíréèkì ń ṣí ọ̀dà ọkọ̀ o, omi ni kí o fi ṣan án kíá bí ó bá ta sí i.


ÌyáOnímọ́tò | Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Kó má sì jẹ́ kí kálípà máa rọ̀ sórí hóòsì, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá fún un, bó bá ti tú u. Okùn ni kí ó fi so ó mọ́ sípíríǹgì.


Ajíwakọ̀ | Ọjọ́bọ̀, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ìròyìn. Píìnì méjèèjì ń yọ̀. Písítìnì rọra wọlé láìjà, rọ́bà rẹ̀ kò ya. Páàdì nípọn, inú àti ìta dọ́gba, kò sí òróró lójú rẹ̀. Dísìkì ní ìpẹtà díẹ̀ létí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn mi ti ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ìgbà tí a dé orí nípù lọ̀rọ̀ yí padà. Ti òsì, bí àbúrò mi ti tẹ bíréèkì báyìí ni ọ́ìlì tú jáde wàà. Ti ọ̀tún, ńṣe ló ń kán, tó, tó, tó, àbúrò mi sì ní pẹ́dà náà le lábẹ́ ẹsẹ̀ òun bí òkúta. Ọ́ìlì tó jáde dúdú bí kọfí.


BàbáGàréèjì | Ọjọ́bọ̀, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Hóòsì ni. Òun ni mo ní lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé.

Hóòsì rọ́bà tó ti inú páìpù irin wá sí kálípà, awọ inú rẹ̀ máa ń wú, ó sì máa ń ya, nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán bí tuntun. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà á wá fún pinpin. Bí o bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì ń pẹ́ kó tó dé ọ̀tún, òsì á ti di dísìkì mú kí ọ̀tún tó jí. Ìdí tó fi ń fà lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn, tó sì ń tọ́ bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí: ọ́ìlì ti ráyè kọjá. Bí o bá wá gbé ẹsẹ̀ kúrò, òsì á tú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tó ti há sí ọ̀tún á máa wá ọ̀nà padà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó fì sí ọ̀tún. Ìdí náà sì ni dísìkì ọ̀tún fi gbóná ju òsì lọ díẹ̀ nígbà tí o kò tẹ bíréèkì rárá, 51 sí 46. Ìyàtọ̀ kékeré ni, ẹlòmíràn á ní kò tó nǹkan.


Sípánà13 | Ọjọ́bọ̀, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé másítà, ẹ̀rọ tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì, tàbí ẹ̀rọ ABS lè dí ọ̀nà bákan náà. Kí ó fi pláyà fún hóòsì òsì pa kí ó wò ó bóyá ọ̀tún á ṣiṣẹ́.


BàbáGàréèjì | Ọjọ́bọ̀, 5:34 ìrọ̀lẹ́

Apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ dára. Apá kejì, rárá o. A kì í fi pláyà fún hóòsì bíréèkì. Àwọn kan máa ń ṣe é, mo mọ̀, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ya awọ inú èyí tó ṣì dára. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á máa wá ẹni tó ba hóòsì jẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé: tú hóòsì níbi tó ti so mọ́ páìpù irin. Gbé àwo sábẹ́, kí ẹni inú ọkọ̀ rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ́ìlì bá tú wàà láti inú páìpù, gbogbo ohun tó wà lókè, másítà àti ABS, ti mọ́wọ́ kúrò, hóòsì ló ṣẹ́kù. Bí ó bá ń kán síbẹ̀, ìgbà yẹn la ó máa gòkè. Fi sípánà tó bá nọ́ọ̀tì páìpù mu gẹ́lẹ́ tú u, èyí tó gbá a mú yíká, torí nọ́ọ̀tì yẹn rọ̀.

Hóòsì méjèèjì iwájú ni kí o pààrọ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn.


Ajíwakọ̀ | Àbámẹ́ta, 3:15 ọ̀sán

Páìpù tú wàà, ó tiẹ̀ ta sí mi láyà. Mo fi ọ̀bẹ la hóòsì àtijọ́ gbọọrọgbọ, inú rẹ̀ ti wú, awọ kan là sílẹ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn kékeré. Abẹ́rẹ́ ni mo lè tì gbà á kọjá, n kò lè ti ìṣó. Mo ti pààrọ̀ hóòsì méjèèjì àti páàdì méjèèjì, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, DOT 4 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí ìdérí. Níwọ̀n bí mo ti ń tú wọn, mo yọ kálípà méjèèjì, mo fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní.

Àmọ́ ìṣòro mìíràn dé. Pẹ́dà rọ̀ bí ìrọ̀rí. Mo ti tú afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sí hóró afẹ́fẹ́ kan mọ́ nínú ọ́ìlì tó ń jáde, síbẹ̀ ó rọ̀. Mi ò gbé ọkọ̀ jáde o.


ÌyáOnímọ́tò | Àbámẹ́ta, 3:40 ọ̀sán

Àbúrò, lọ wo nípù lára kálípà. Ṣé òkè ló kọjú sí àbí ìsàlẹ̀?


Ajíwakọ̀ | Àbámẹ́ta, 3:58 ọ̀sán

Ìsàlẹ̀. Méjèèjì. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà?


ÌyáOnímọ́tò | Àbámẹ́ta, 4:01 ọ̀sán

😂 O ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, o gbé òsì sí ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ kì í wálẹ̀, òkè ló ń há sí. Bí nípù bá wà nísàlẹ̀, títí di ọ̀la ni wàá máa tú u, ọ́ìlì nìkan ni yóò máa jáde, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè. Pààrọ̀ ipò wọn. Àṣìṣe ọ̀hún kì í ṣe tuntun, èmi náà ti dúró ti ẹnì kan tó ṣe é lójú mi.


BàbáGàréèjì | Àbámẹ́ta, 4:30 ọ̀sán

Ìyá, ẹ gbà á lẹ́nu mi. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ohun tó yàtọ̀ láàárín kálípà ọ̀tún àti ti òsì kò ju ibi tí nípù wà lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bára wọn mu gẹ́lẹ́. Ajíwakọ̀, bí o bá ń tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, wo píìnì náà. Bí ọ̀kan bá ní rọ́bà lẹ́nu tí èkejì kò ní, ibi tí kálukú ti jáde ni kí ó padà sí. Gírísì sílíkónì tó wà fún bíréèkì ni kí o fi pa wọ́n, kì í ṣe gírísì tí a fi ń pa bíárìn. Ìyẹn máa ń mú rọ́bà wú, wàá sì tún padà síbi tí a ti ń bọ̀.

Páàdì tuntun náà nílò kí ó bá dísìkì mọra. Tẹ bíréèkì níwọ̀nba bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láti 50 wá sí 10, má jẹ́ kó dúró pátápátá, kí o máa fún un láyè láti tutù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí pẹ́dà kọ́kọ́ le ná.


Ajíwakọ̀ | Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Pẹ́dà ti le. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ inú mi dùn. Mo wọn ìgbóná lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹjọ: òsì 139, ọ̀tún 134. Láti 60, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, kò yà.

Ó ku ẹyọ kan. Bí mo bá wà ní 80 tí mo sì tẹ̀ ẹ́ tipátipá, ohun kan ń dún "kọ́" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lápá òsì, imú ọkọ̀ á sì ta díẹ̀. Kò fà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó kàn ta ni.


BàbáGàréèjì | Àìkú, 7:00 alẹ́

Ìyẹn kì í ṣe bíréèkì mọ́. Ohun tó mú táyà dúró ló ń sọ̀rọ̀. Mo bi ọ́ ní ọjọ́ Ajé bóyá o ń gbọ́ ariwo, o ní kò dá ọ lójú.

Áàmù ìsàlẹ̀, irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, ní rọ́bà búṣì ńlá kan lápá ẹ̀yìn. Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì tipátipá, táyà fẹ́ sá sẹ́yìn, búṣì yẹn ló ń dá a dúró. Bí ó bá ti ya, áàmù á yọ sẹ́yìn, táyà á yí ojú kúrò níbi tí aláímẹ́ǹtì fi í sí, irin á kan irin, ìwọ á gbọ́ "kọ́". Bí o bá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, á padà sáyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aláímẹ́ǹtì tí wọ́n ń ṣe lórí ọkọ̀ tó dúró sójú kan kì í rí i.

Gbé ọkọ̀ sókè, fi irin gígùn há àárín áàmù àti ara ọkọ̀, tì í síwá sẹ́yìn. Wo bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì pẹ̀lú, àti táì ròòdù, níwọ̀n bí o ti wà níbẹ̀.


Ajíwakọ̀ | Ìṣẹ́gun, 7:33 alẹ́

Búṣì ẹ̀yìn òsì ti ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo lè rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Wọ́n ti pààrọ̀ ti òsì àti ti ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì dára. Ẹni tó ṣe é ní kí n lọ ṣe aláímẹ́ǹtì.


Sípánà13 | Ìṣẹ́gun, 7:36 alẹ́

ALÁÍMẸ́ǸTÌ! Ṣé mo wí i àbí mi ò wí i?


BàbáGàréèjì | Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

O wí i, Sípánà. Eégún ńlá ló ń kẹ́yìn ìgbàlẹ̀.


ỌmọẸ̀yìnSítíárìn | Ọjọ́rú, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Tèmi máa ń fà sí ọ̀tún ní àárọ̀ nìkan, pàápàá bí òjò bá rọ̀ lóru. Bí mo bá tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò ní fà mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé kí n tú hóòsì ni?


BàbáGàréèjì | Ọjọ́rú, 9:40 àárọ̀

Má tú nǹkan kan. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí omi fi sójú dísìkì lóru ni, páàdì sì ti ń ha á kúrò fún ọ. Àmọ́ bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó lọ, tàbí tó bá ń ṣe é lọ́sàn-án gangan, wọn ìgbóná rẹ̀, kí o wá sọ fún wa.